Nọ́ọ̀sì, Dókítà àti Ẹ̀tẹ̀: Ibo Gan-an Ni Ewu Wà?

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1969, àìsàn kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ dá Laura Wine wó. Nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà ni, abúlé Lassa ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fi bàálù gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ló kú sí. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ní Jos, kó àìsàn náà, òun náà kú. Nọ́ọ̀sì Lily Pinneo náà kó o, wọ́n sáré gbé e lọ sí New York, orí ló kó o yọ. Nígbà tó fi máa di ọdún tó tẹ̀ lé e, Dókítà Jeanette Troup, tó wà nídìí ìtọ́jú yìí ní Jos, fi ọ̀bẹ gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ níbi tó ti ń yẹ òkú aláìsàn kan wò. Ibà Lassa pa òun náà. Ọdún mẹ́rìnlélógójì lẹ́yìn ìgbà yẹn ni Ebola wọ Èkó. Ènìyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 kú nínú wọn, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh tó kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn àkọ́kọ́ kò ní jáde ní ọsibítù sì wà lára àwọn tó bá a lọ.

Àwọn àrùn tó ń pa òṣìṣẹ́ ìlera nìyẹn, wọn kì í sì í fi àkókò ṣòfò. Ṣùgbọ́n kí a lọ bá ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí, kí a bi í léèrè irú aláìsàn tí kò ní fẹ́ fọwọ́ kàn láéláé. Ó ṣeé ṣe kó má rántí Lassa rárá. Ẹ̀tẹ̀ ni yóò dárúkọ.

Ẹ̀rù yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní ọsibítù. Láyé àwọn baba ńlá wa, ẹ̀yìn odi ìlú ni ẹni tí ẹ̀tẹ̀ bá mú ń gbé. Òwe tó ní adẹ́tẹ̀ purọ́ nígbà tó sọ pé òun lu ọmọ òun lábàrá, òun sì tún já a léèékánná, fi hàn pé àwọn àgbà ti wo ọwọ́ adẹ́tẹ̀ wò dáadáa: wọ́n rí i pé kò sí ìka níbẹ̀ mọ́. Ohun tí wọn kò rí ni ohun tó jẹ ìka náà. Nọ́ọ̀sì tí à ń sọ yìí, ọmọ ilé kan náà ni. Aṣọ funfun tó wọ̀ kò bọ́ ẹ̀rù ìyá rẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìyàwó ilé tó ti lo oògùn ẹ̀tẹ̀ parí láti ọdún mẹ́wàá fi lè dé wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí pẹ̀lú ìrọbí, kí wọ́n wo ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n ní kó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú wọn.

Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe òfìfo pátápátá. Ẹ̀tẹ̀ ń ràn, òṣìṣẹ́ ìlera sì ti kó o rí. Ibi tí a gbé ìbẹ̀rù náà kà ni kò tọ́, ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí sì fẹ́ fi hàn nìyẹn.

Ká kọ́kọ́ mọ kòkòrò tí à ń sá fún. Mycobacterium leprae ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un, ọ̀lẹ paraku sì ni láàárín àwọn kòkòrò àrùn. Ọ̀pọ̀ kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru lè di méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú. Èyí ń lò tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó pín sí méjì. Títí di òní, kò sí ilé àyẹ̀wò kan láyé tó lè gbìn ín sínú àwo kó hù. Ní 1960 ni Charles Shepard ní Amẹ́ríkà tó rí i pé ó lè pọ̀ sí i ní àtẹ́lẹsẹ̀ eku, ní 1971 ni wọ́n sì rí i pé armadillo, ẹranko ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ìpẹ́ líle bò lẹ́yìn, ń kó o. Bí ó bá wọ ara ènìyàn, ó lè tó ọdún márùn-ún kí àmì kankan tó yọ, ó tún lè tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ya ni lẹ́nu jù ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, nǹkan bí márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni ara wọn ń dá a padà fúnra rẹ̀, tí kò ní di àrùn sí wọn lára bó ti wù kí wọ́n pàdé rẹ̀ tó.

Ọ̀rọ̀ bóyá ẹ̀tẹ̀ ń ran àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ìlú Bergen ní Norway ni wọ́n ti jà á jù. Ẹni tó bá rò pé ilẹ̀ olóoru nìkan ló ni ẹ̀tẹ̀, kó mọ̀ pé ó pọ̀ ní etíkun Norway ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ní in ní orílẹ̀-èdè náà sínú ìwé kan ṣoṣo ní 1856. Daniel Cornelius Danielssen ni ọ̀gá láàárín àwọn dókítà ẹ̀tẹ̀ ibẹ̀. Ó gbà pé àrùn ìdílé ni, pé kì í ràn rárá. Kí ó lè fi hàn pé òtítọ́ lòun ń sọ, ó mú nǹkan láti inú kókó tó wà lára àwọn aláìsàn, ó fi gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Ó tún fi gún àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù. Bó bá jẹ́ lóde òní ni, wọn ì bá ti gba ìwé àṣẹ ìṣègùn lọ́wọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹ̀tẹ̀ kò mú ẹyọ kan nínú wọn.

Ọkọ ọmọ rẹ̀ ni Gerhard Armauer Hansen, òun kò sì gbà pẹ̀lú àna rẹ̀. Ní 1873 ló fi awò amú-nǹkan-tóbi rí àwọn kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná nínú kókó ara aláìsàn. Ó mọ̀ pé òun ti rí ohun tó ń fa àrùn náà, àmọ́ báwo ni yóò ṣe fi hàn pé ó ń ràn? Ní 1879, ó gún obìnrin kan tó jẹ́ aláìsàn ní ojú pẹ̀lú irinṣẹ́ tó ti kan kókó ẹ̀tẹ̀ ẹlòmíràn, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ obìnrin náà. Kò sí nǹkan tó ti ibẹ̀ jáde àfi ẹjọ́. Ní 1880, ilé ẹjọ́ gba iṣẹ́ dókítà ọsibítù lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ti wù kó rí, ohun tó sọ nípa kòkòrò náà ló dúró, ti àna rẹ̀ wó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀tọ́ fún ẹlẹ́tọ̀ọ́: láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń ṣèwádìí ní Vietnam àti Ṣáínà ti rí i pé àwọn nǹkan kan tí ènìyàn ń jogún lọ́dọ̀ òbí wà lára ohun tó ń pinnu ẹni tí ara rẹ̀ yóò gba kòkòrò náà láàyè. Danielssen kò mọ ohun tó ń fa ẹ̀tẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdílé tó sọ kò jẹ́ àsọdànù tán.

Ní Hawaii, wọ́n gbìyànjú irú rẹ̀ kan náà pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Keanu, apànìyàn tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún. Dókítà Eduard Arning ní kó yan ọ̀kan: kó kú, tàbí kó jẹ́ kí wọ́n gbin ẹ̀tẹ̀ sí i lára. Wọ́n gbìn ín ní 1884, kò sì tó ọdún mẹ́rin tí ẹ̀tẹ̀ fi hàn lára rẹ̀. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti yanjú, àfi ìgbà tí wọ́n wádìí wò tí wọ́n rí i pé àwọn mọ̀lẹ́bí Keanu kan ti ní ẹ̀tẹ̀. Ta ni yóò wá sọ ibi tó ti kó tiẹ̀?

Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń dojú ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera rú títí di òní. Bí nọ́ọ̀sì kan ní India tàbí Brazil, níbi tí ẹ̀tẹ̀ pọ̀ sí jù láyé, bá ní àrùn náà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́, ṣé wọ́ọ̀dù ló ti kó o ni, àbí nínú ilé tí wọ́n bí i sí, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà? Kòkòrò tó lè sùn fún ogún ọdún kì í fi ojú ọ̀nà tó gbà wọlé hàn.

Nínú gbogbo àwọn tó tọ́jú ẹlẹ́tẹ̀ rí, kò sí ẹni tí ayé mọ̀ tó Damien. Jozef De Veuster ni orúkọ àbísọ rẹ̀, Belgium ni wọ́n ti bí i ní 1840. Ó dé Hawaii ní 1864. Ní oṣù karùn-ún 1873, ọdún tí Hansen rí kòkòrò rẹ̀, ó lọ sí Kalawao ní erékùṣù Molokai, níbi tí ìjọba ń kó àwọn ẹlẹ́tẹ̀ lọ. Kò fi ààlà sáàárín ara rẹ̀ àti wọn. Inú igbá kan náà ni wọ́n jọ ń fi ọwọ́ bọ̀ jẹun, páìpù tábà rẹ̀ ń ti ẹnu rẹ̀ bọ́ sí ẹnu wọn, òun ló ń di egbò wọn, òun ló ń kan pósí, òun ló tún ń gbẹ́ sàréè. Ní ìparí 1884, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, ẹsẹ̀ náà bó, kò sì mọ̀ ọ́n lára. Ìgbà náà ló mọ̀ pé ó ti dé. Ó kú ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 1889, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Àwọn kan tiẹ̀ sọ pé ó ṣeé ṣe kó ti kó àrùn náà kó tó dé Molokai, nítorí ó ti ń bẹ àwọn aláìsàn wò ní àwọn àgbègbè mìíràn ní Hawaii fún ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú.

Ìtàn Damien dùn ún sọ, ìyẹn ló fi gba gbogbo ayé kan. Àmọ́ ìtàn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì. Marianne Cope, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn tó ti jẹ́ ọ̀gá ọsibítù ní Syracuse, ìpínlẹ̀ New York, kó àwọn sísítà rẹ̀ lọ sí Hawaii ní 1883. Ó ṣèlérí fún wọn pé ẹ̀tẹ̀ kò ní mú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó kó lọ sí Kalaupapa ní Molokai ní 1888, ó sì tọ́jú Damien nígbà tí ikú ń bọ̀ wá mú un. Ohun tó gbójú lé kò ju ọwọ́ fífọ̀ àti ìmọ́tótó wọ́ọ̀dù lọ. Ó lo ọgbọ̀n ọdún lórí erékùṣù náà. Nígbà tó kú ní 1918, ẹni ọgọ́rin ọdún ni, ẹ̀tẹ̀ kọ́ ló pa á, kò sì mú ìkankan nínú àwọn sísítà rẹ̀. Joseph Dutton, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ tó wá ran Damien lọ́wọ́ ní 1886, wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ní 1931 ló kú, ara rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ní Suriname, àlùfáà Peerke Donders gbé láàárín àwọn ẹlẹ́tẹ̀ ní Batavia láti 1856. Nígbà tó kú ní 1887, àrùn kíndìnrín ló mú un lọ.

Nígbà yẹn, kò sí oògùn ẹ̀tẹ̀ kankan tó ń ṣiṣẹ́. Kí a fi ìyẹn sọ́kàn.

Báwo wá ni kòkòrò yìí ṣe ń rìn? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìfọwọ́kàn ni, pé ọwọ́ tí a bọ̀ lórí egbò ló ń kó o. Ẹni tó yí èrò yìí padà ní iṣẹ́ ọwọ́ Nàìjíríà lára. Frank Davey jẹ́ dókítà Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní ibùdó àwọn ẹlẹ́tẹ̀ ní Uzuakoli, ní ilẹ̀ Ìgbò, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibùdó yẹn ni Ikoli Harcourt Whyte, olórin ìsìn tó gbajúmọ̀, ti gba ìtọ́jú. Ibẹ̀ náà ni John Lowe ti fi hàn lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì pé dapsone tí a gbé mì lẹ́nu lè wo ẹ̀tẹ̀ sàn. Lẹ́yìn tí Davey kúrò ní Uzuakoli, ó ṣiṣẹ́ ní India, ní 1974 ni òun àti R. J. W. Rees sì tẹ ìwádìí jáde nípa ikun imú àwọn ẹlẹ́tẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹni tí irú ẹ̀tẹ̀ tó kún fún kòkòrò bá mú, tí kò tíì lo oògùn, lè tú mílíọ̀nù mẹ́wàá kòkòrò jáde láti imú rẹ̀ lóòjọ́. Awọ ara tó dì mọ́ra kò tú tó bẹ́ẹ̀ rárá. Imú ni ilẹ̀kùn ńlá, kì í ṣe ọwọ́.

Awọ ara náà lè jẹ́ ojú ọ̀nà, bí nǹkan bá gún un. Ní 1943, ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà méjì lọ fín ara lọ́dọ̀ oníṣẹ́ kan náà ní Melbourne, Australia. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹ̀tẹ̀ yọ lára àwọn méjèèjì, orí ibi tí wọ́n fín gan-an ló sì yọ sí. Nítorí náà, abẹ́rẹ́ àti abẹ kì í ṣe nǹkan tí òṣìṣẹ́ lè fi ṣeré, ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀ o, kò sí níbẹ̀ o.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba ẹ̀tẹ̀ jù kì í ṣe òṣìṣẹ́ ọsibítù, ará ilé ni. Ní àwọn abúlé kan ní Cebu, ní Philippines, James Doull àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka àwọn ará ilé, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1942: ẹni tó ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní irú ẹ̀tẹ̀ tó kún fún kòkòrò fi bí ìlọ́po mẹ́jọ wà nínú ewu ju ẹni tí kò sí ẹlẹ́tẹ̀ nílé rẹ̀ lọ. Ìyàwó ni, ọmọ ni, ìyá tó ń sùn lórí ẹní kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nọ́ọ̀sì tó lo wákàtí mẹ́jọ ní wọ́ọ̀dù tí fèrèsé rẹ̀ ṣí, tó sì fọ ọwọ́ kó tó lọ sílé, kò sí nínú ìsọ̀rí yẹn.

Oògùn wá yí gbogbo rẹ̀ padà. Dapsone nìkan ni wọ́n gbójú lé títí di àwọn ọdún 1960, nígbà tí kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n lójú. Ní 1981, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n máa lo oògùn pa pọ̀: rifampicin, dapsone àti clofazimine. Lóde òní, oṣù mẹ́fà ni fún ẹni tí kòkòrò rẹ̀ kò pọ̀, oṣù méjìlá fún ẹni tí tirẹ̀ pọ̀. Láti 1995 ni oògùn náà ti ń dé ọwọ́ aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́ kárí ayé. Ẹ̀kán ṣoṣo tí aláìsàn bá gbé rifampicin mì ń pa èyí tó pọ̀ jọjọ nínú àwọn kòkòrò tó wà lára rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́. Rifampicin a máa sọ ìtọ̀ di pupa, clofazimine a máa mú awọ dúdú sí i. Aláìsàn tó rí ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa bẹ̀rù pé àdúgbò yóò mọ̀. Ibi tí nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ti wúlò jù nìyẹn, nítorí ẹni tó bá da oògùn nù nítorí ìtìjú ni àrùn yóò padà bá.

Kí ni nǹkan tí à ń rí lọ́wọ́ àti ẹsẹ̀ wọn wá? Dókítà Paul Brand, tó ṣiṣẹ́ ní Vellore, ní India, kí ó tó lọ sí Carville ní Louisiana, ló dáhùn rẹ̀ jù lọ. Kòkòrò kì í jẹ ìka. Iṣan tó ń mú ara mọ ìrora ni kòkòrò ń pa. Ọwọ́ tí kò mọ ìrora yóò di ìkòkò gbígbóná mú títí yóò fi jóná. Ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora yóò rìn lórí ìṣó láti òwúrọ̀ títí alẹ́. Egbò yóò dé, egbò yóò di ti eegun, eegun yóò máa kúrú. Egbò àtẹ́lẹsẹ̀ tí ẹlẹ́tẹ̀ gbé wá sí ọsibítù, kòkòrò inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti egbò alátọ̀gbẹ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, tí nọ́ọ̀sì ń di láìbẹ̀rù.

Síbẹ̀ Brand fúnra rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rù yìí. Ó sọ bí òun ṣe dé òtẹ́ẹ̀lì kan ní London lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn, tó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, tó sì rí i pé gìgísẹ̀ òun kú. Ó mú abẹ́rẹ́, ó gún un. Ẹ̀jẹ̀ yọ, kò dùn ún. Gbogbo òru ló fi ń rò bí òun yóò ṣe ya ara òun sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyàwó àti àwọn ọmọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún gún un, ó sì pariwo: ó dùn ún! Ìjókòó gígùn nínú ọkọ̀ ojú irin ló ti tẹ iṣan kan pa fún ìgbà díẹ̀. Bí ọ̀gá tó mọ ẹ̀tẹ̀ bí ẹni mowó bá lè fi òru kan bẹ̀rù bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí a fi nọ́ọ̀sì kékeré ṣe yẹ̀yẹ́. Ìmọ̀ ló yẹ kí a fún un.

Bí ìjọba bá fi ẹ̀rù ṣe òfin, àbájáde rẹ̀ burú jáì. Japan ṣe òfin nípa ẹ̀tẹ̀ ní 1907, ó le koko sí i nígbà tó yá, wọ́n sì ń kó aláìsàn lọ sí ibùdó tí ọ̀pọ̀ wọn kò ti jáde mọ́. Dókítà Ogasawara Noboru ní Kyoto sọ pé ẹ̀tẹ̀ kì í tètè ràn, pé kò sí ìdí láti ti ènìyàn mọ́lé. Ó ń tọ́jú wọn bí aláìsàn tó ń wá láti ilé. Ní 1941, àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ dìde sí i ní ìpàdé wọn, wọ́n sì pa á lẹ́nu mọ́. Ní 1996 ni òfin náà tó kúrò. Ní 2001, ilé ẹjọ́ ní Kumamoto dá ìjọba lẹ́bi. Ogasawara ti kú nígbà náà.

Ká wá bọ́ sí ibi tí ewu wà gan-an. Ẹni tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sá fún ni ẹni tí ìka rẹ̀ ti kúrú, tí imú rẹ̀ ti rì, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ní ẹlẹ́tẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti lo oògùn parí láti ọdún pípẹ́, kò sí kòkòrò kan láàyè lára rẹ̀. Ẹni tó ń tú kòkòrò jáde ni ẹni tí kò sí ẹni tó fura sí. Ìka rẹ̀ pé mẹ́wàá. Awọ rẹ̀ ń dán, ó dà bí ẹni tí ara tù. Etí rẹ̀ nípọn díẹ̀, irun òkè ojú rẹ̀ ń re, imú rẹ̀ ń dí, nígbà mìíràn ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó lè má ní àpá tó kú rárá, nítorí nínú irú ẹ̀tẹ̀ tó kún fún kòkòrò, ara kì í tètè kú. Ó wá sí ọsibítù nítorí imú dídí, wọ́n fún un ní oògùn ọ̀fìnkìn. Ó padà wá, wọ́n fún un ní oògùn ara yíyún. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ogún ènìyàn, ó sì padà sílé sáàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Ọsibítù tó lé obìnrin aláìníka jáde lánàá ni ọkùnrin yìí gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹ̀rù tí òṣìṣẹ́ ń fi hàn ní gbangba ló ń jẹ́ kí ẹni tó rí àpá lára rẹ̀ fi í pamọ́. Ó ń pẹ́ kó tó wá, bó sì ṣe ń pẹ́ ni àrùn ń ran ará ilé, tí iṣan ń kú lọ. Nípa báyìí, òṣìṣẹ́ tó ń sá fún ẹ̀tẹ̀ ló ń bá a tan kálẹ̀.

Nígbà tí a bá ń sọ nípa ohun tó yẹ kí òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù ẹ̀tẹ̀ bẹ̀rù, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló yẹ kó wà ní iwájú, nítorí ó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, ó sì ń ran òṣìṣẹ́ ju ẹ̀tẹ̀ lọ fíìfíì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àrùn mẹ́dọ̀wú B àti kòkòrò HIV, tó lè gba ojú abẹ wọlé. Òṣìṣẹ́ ilé àyẹ̀wò tó ń fi abẹ gé etí aláìsàn díẹ̀ láti mú omi ara rẹ̀ lọ sábẹ́ awò, ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́nu abẹ yẹn ni kó ṣọ́ra fún. Àjẹsára mẹ́dọ̀wú B wà. Ó yẹ kí gbogbo wọn ti gbà á. Ti ẹ̀tẹ̀ fúnra rẹ̀, kò gba wọ́ọ̀dù àdádó. Ìbọ̀wọ́ fún ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan egbò tàbí ẹ̀jẹ̀, irú èyí tó yẹ kó wọ̀ fún aláìsàn yòówù; fèrèsé ṣíṣí; ọṣẹ àti omi. Ẹni tó bá wọ ìbọ̀wọ́ láti fi bọ ẹlẹ́tẹ̀ lọ́wọ́ nìkan, ẹ̀gàn ló wọ̀ sọ́wọ́, kì í ṣe ààbò. Àjẹsára BCG tí wọ́n fún òṣìṣẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ tuntun ń dáàbò bò ó díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀tẹ̀ náà. Oògùn ìdènà tún wà: ní Bangladesh, wọ́n fún àwọn tó sún mọ́ ẹlẹ́tẹ̀ ní rifampicin ẹ̀kán ṣoṣo, àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008 sì fi hàn pé iye ẹ̀tẹ̀ tó yọ láàárín wọn fi ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́. Láti 2018 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí i.

Ẹ̀tẹ̀ kò tíì tán. Ní 2023, ènìyàn 182,815 ni wọ́n rí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní in láyé. Nàìjíríà ti dé ibi tí ó kéré sí ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá láti bí ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni iye àwọn tuntun tí wọ́n ń rí ń lé ní 2,000. Bí àrùn ṣe ń dín kù ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń fẹ̀yìn tì. Àwọn àgbà nọ́ọ̀sì tó dàgbà sí ẹnu iṣẹ́ ní àwọn ibùdó bí ti Ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń lọ, àwọn ọ̀dọ́ tó ń rọ́pò wọn kò sì rí ẹ̀tẹ̀ rí àfi nínú àwòrán.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àti àwọn alákòóso ọsibítù, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní iṣẹ́ tí kò gbà ju òwú díẹ̀ lọ: kí aláìsàn pa ojú dé, kí a fi òwú kan àpá tó wà lára rẹ̀, kí ó na ìka síbi tí a kàn. Ẹ kọ́ wọn láti fọwọ́ wá iṣan tó wà ní ẹ̀yìn ìgúnpá bóyá ó ti wú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ etí tó nípọn àti imú tó dí fún oṣù mẹ́ta. Kí ẹ sì gba obìnrin tó ń rọbí náà wọlé. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ẹ̀tẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì yẹ kó ní òṣìṣẹ́ kan tó ń bójú tó ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ẹ̀tẹ̀. Ẹni tó bá rí àpá tí kò mọ ìfọwọ́kàn lára ara rẹ̀, lára ọmọ rẹ̀, tàbí lára aláìsàn rẹ̀, òṣìṣẹ́ yẹn ni kó wá lọ.